Fífọ́ Kúúbù Kí Ilé Má Baà Wó: Ṣe àti Má Ṣe fún Ẹni Tó Ń Kọ́lé

Ní Krofrom, ní Kumasi, ilé ti kún ilé. Ẹni tó bá nílò yàrá sí i kò rí ilẹ̀ tó máa fẹ̀ sí, òkè ló ń kọ́ ọ lọ. Bí dẹ́kì bá sì ti ń gun dẹ́kì, òpó ìsàlẹ̀ ló ń ru gbogbo rẹ̀. Ọ̀nà kan tó dájú láti mọ̀ bóyá kọnkéré inú òpó náà lè rù ú ni pé ká bu díẹ̀ nínú rẹ̀ nígbà tó ṣì tutù, ká rọ ọ́ sínú àpótí tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ dọ́gba, ká jẹ́ kó le, ká gbé e sínú ẹ̀rọ, ká tẹ̀ ẹ́ títí á fi fọ́, ká sì kọ iye agbára tó fọ́ ọ sílẹ̀. Fífọ́ kúúbù làwọn oníṣẹ́ ń pè é.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹnjiníà nìkan. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá 2012, ilé ìtajà Melcom wó ní Achimota, ní Accra, èèyàn 14 sì kú. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta 2019, ilé kan tí ilé-ìwé wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta Fàájì, ní Èkó, àwọn ọmọ ilé-ìwé sì wà lára èèyàn 20 tó bá a lọ. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ dà wó ní Gerrard Road, Ìkòyí, ẹ̀mí tó ju 40 lọ sì ṣòfò. Ìdí kan ṣoṣo kọ́ ló ń wó ilé. Àmọ́ kọnkéré tí kò lágbára jẹ́ ìdí kan tí a lè tètè rí kó tó pa ẹnikẹ́ni. Àwọn ohun tó yẹ ní ṣíṣe nìyí, àti àwọn tó yẹ kí ẹ yẹra fún, yálà Krofrom lẹ ti ń kọ́lé ni o, tàbí ẹ wà lókè òkun tí ẹ ń fowó ránṣẹ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́.

KÍ Ẹ TÓ PO KỌNKÉRÉ

1. Ẹ mọ iye agbára tí ẹnjiníà kọ sórí àwòrán ilé. Bí ẹ bá rí C20/25 níbẹ̀, nọ́ńbà kejì ni ti kúúbù: ó yẹ kí kúúbù tó pé ọjọ́ 28 lè fara da Newton 25 lórí mìlímítà kan níbùú-lóròó, ìyẹn 25 N/mm². Bí kò bá sí nọ́ńbà kankan lórí àwòrán, ẹ dá àwòrán náà padà fún ẹni tó yà á.

2. Ẹ wá láàbù kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kumasi kò ṣaláìní. Yunifásítì KNUST wà níbẹ̀, àjọ Building and Road Research Institute náà sì wà ní Fumesua, lẹ́bàá ìlú. Ní 1952 ni àjọ yìí bẹ̀rẹ̀ ní Accra, orúkọ rẹ̀ nígbà náà sì ni West African Building Research Institute. Nàìjíríà, Gánà, Sierra Leone àti Gáḿbíà ló ń ṣiṣẹ́ fún pa pọ̀, nítorí náà ogún ìmọ̀ tiwa náà ni. Ẹni tó bá ń kọ́lé ní Èkó lè lọ sí Lagos State Materials Testing Laboratory.

3. Ẹ yẹ yanrìn wò. Ẹ bu yanrìn sínú ìgò funfun, ẹ da omi oníyọ̀ lé e, ẹ mì í dáadáa, kí ẹ wá gbé e kalẹ̀ fún wákàtí mélòó kan. Yanrìn á sùn sísàlẹ̀, ẹrẹ̀ á sì jókòó lé e lórí. Bí ẹrẹ̀ yẹn bá ju nǹkan bí ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún yanrìn lọ, ẹ fọ yanrìn náà tàbí kí ẹ dá a padà, torí ẹrẹ̀ kì í jẹ́ kí sìmẹ́ńtì lẹ̀ mọ́ òkúta.

4. Ẹ má fi ojú díwọ̀n omi. Ibí yìí ni kọnkéré ti ń bàjẹ́ jù lọ. Lébìrà tí apá ń ro á ní, “Ọ̀gá, ó ti le jù, ẹ jẹ́ ká bomi sí i díẹ̀.” Ní 1918, Duff Abrams fi hàn ní Chicago pé bí omi bá ṣe ń pọ̀ sí i ní ìfiwéra pẹ̀lú sìmẹ́ńtì ni agbára kọnkéré ń dín kù. Ẹ gba àpò sìmẹ́ńtì kìlógíráàmù 50 yẹ̀ wò. Bí omi rẹ̀ bá jẹ́ lítà 25, kọnkéré á dára. Bí ẹ bá sọ ọ́ di lítà 35, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta agbára rẹ̀ lè lọ, ojú ò sì ní rí i. Ẹ fi kẹ́ẹ̀gì wọn omi, kí ẹ sì rántí pé yanrìn tí òjò pa ti gbé omi dání.

NÍBI IṢẸ́

5. Ẹ bu kọnkéré láàárín. Bí ẹ̀rọ bá ń tú kọnkéré jáde, ẹ má bu ti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ má sì dúró de ti ìparí. Òkúta ń pọ̀ jù nínú ọ̀kan, omi ń pọ̀ jù nínú èkejì. Ẹ bù ú nígbà mélòó kan ní àárín, kí ẹ sì pò ó pọ̀ kó tó wọ àpótí.

6. Ẹ má ṣe po àkànṣe kọnkéré fún kúúbù. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé nígbà tí wọ́n bá gbọ́ pé ẹni láàbù ń bọ̀, wọ́n á yà sí kọ̀rọ̀, wọ́n á fi sìmẹ́ńtì kún ti kúúbù. Kúúbù náà á yege. Òpó kò mọ̀ sí i. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti gba ìwé-ẹ̀rí fún kọnkéré tí kò sí nínú ilé náà, àwọn tó máa sùn sábẹ́ dẹ́kì ló sì tàn jẹ. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a.

7. Ẹ lo àpótí irin tó gún régé. Mìlímítà 150 ni gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀. Ẹ fi epo pa inú rẹ̀ fẹ́rẹ́, kó má ṣe jókòó sísàlẹ̀. Àpótí pákó tó ti tẹ̀ á bí kúúbù tó tẹ̀, kúúbù tó bá sì tẹ̀ kì í fọ́ bó ṣe yẹ.

8. Ẹ gún un dáadáa. Ìpele mẹ́ta ni kí ẹ fi kún àpótí náà. Ẹ gún ìpele kọ̀ọ̀kan ní ìgbà 35 ó kéré tán pẹ̀lú ọ̀pá irin tí wọ́n ṣe fún un, kí ẹ sì máa gbá ẹ̀gbẹ́ àpótí kí afẹ́fẹ́ lè jáde. Nígbà tó bá kún, ẹ fi tírówẹ̀lì tẹ́ ojú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó bá kù sínú á di ihò, ihò sì ń jẹ agbára kúúbù.

9. Ẹ má ṣe kúúbù kan ṣoṣo. Mẹ́fà ló dára: mẹ́ta fún ọjọ́ 7, mẹ́ta fún ọjọ́ 28. Kúúbù kan lè bàjẹ́ nítorí ọwọ́ ẹni tó ṣe é. Bí mẹ́ta bá fohùn ṣọ̀kan, ọ̀rọ̀ di tìgbàgbọ́.

10. Ẹ kọ ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti bu kọnkéré sára kúúbù kọ̀ọ̀kan. “Òpó kẹta, ìsàlẹ̀, ọjọ́ báyìí.” Kúúbù tí kò lórúkọ kò lè jẹ́rìí sí òpó kankan. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ibi iṣẹ́ pẹ̀lú.

11. Ẹ má gbé e kiri kí wákàtí 24 tó pé. Ẹ fi àpò tútù àti ọ̀rá bò ó níbi tí ẹsẹ̀ ò ti ní kàn án. Ẹ má ṣe gbé kúúbù tútù sẹ́yìn ọkọ̀ láti máa fi gba kòtò. Ọjọ́ kejì ni kí ẹ tú àpótí.

ỌJỌ́ 28 NÍNÚ OMI

12. Ẹ ri kúúbù sínú omi ní kété tí ẹ bá ti tú u. Gbígbẹ kọ́ ló ń mú sìmẹ́ńtì le. Òun àti omi ń ṣiṣẹ́ pọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni. Bí omi bá tán, iṣẹ́ náà dáwọ́ dúró níbi tó bá dé.

13. Ẹ má fi kúúbù sílẹ̀ fún oòrùn àti ọyẹ́. Láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, atẹ́gùn ọyẹ́ ní Kumasi lè fa omi gbẹ lára kọnkéré kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

14. Ẹ má gbàgbé ilé fúnra rẹ̀. Kúúbù tó lo ọjọ́ 28 nínú omi kò lè sọ̀rọ̀ fún òpó tí ẹnikẹ́ni ò bomi rin. Ó kéré tán, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan rin dẹ́kì àti òpó láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, tàbí kí ẹ fi àpò tútù wé wọn.

NÍWÁJÚ Ẹ̀RỌ

15. Ẹ nù ún, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ gbé e lé òṣùwọ̀n. Ẹ fọ́ kúúbù nígbà tí ara rẹ̀ ṣì tutù, torí kúúbù tó ti gbẹ máa ń dà bí ẹni tó lágbára ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ kàn nu omi àti yanrìn ojú rẹ̀ kúrò. Kúúbù tí wọ́n gún dáadáa ń wọn nǹkan bíi kìlógíráàmù 8. Bó bá fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ihò ti wà nínú rẹ̀.

16. Ẹ dà á dùbúlẹ̀. Ojú tí tírówẹ̀lì tẹ́ kì í dán bí èyí tí irin tẹ́. Ẹ jẹ́ kí ojú yẹn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí irin ẹ̀rọ máa tẹ ojú méjì tó fara kan àpótí. Ẹ gbé e sí àárín gbùngbùn. Bó bá yẹ̀ sí apá kan, apá yẹn nìkan ló máa jìyà, èsì á sì kéré ju òótọ́ lọ.

17. Ẹ má kánjú ẹ̀rọ. Agbára rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa gòkè ní déédéé, nǹkan bí 0.6 N/mm² ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ní ìwọ̀n yìí, kúúbù tó máa fọ́ ní 25 á lo nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ̀rọ tó bá sáré á mú kí kúúbù tó rẹlẹ̀ dà bí alágbára.

18. Ẹ má ki páálí tàbí pákó sáàárín kúúbù àti irin ẹ̀rọ. Ẹ sì bèèrè ìgbà tí wọ́n yẹ ẹ̀rọ náà wò kẹ́yìn. Ó yẹ kí láàbù ní ìwé kan tó fi hàn pé ẹ̀rọ wọn kò purọ́.

19. Ẹ má tẹjú mọ́ kúúbù láìsí awò ààbò àti ilẹ̀kùn ẹ̀rọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ò ní rí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, ìlà tínńtín á yọ lára rẹ̀, á máa gùn sí i, eruku á bọ́ láti igun, ẹ ó gbọ́ bó ṣe ń dún pẹẹrẹpẹ, ọwọ́ agogo ẹ̀rọ á sì já wálẹ̀ lójijì. Ègé òkúta lè fò nígbà náà.

20. Ẹ wo bó ṣe fọ́. Kúúbù tí wọ́n gbé síbi tó yẹ á fọ́ ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bákan náà. Ẹ gbọn èyí tó fọ́ kúrò, ohun tó máa kù á dà bí ìlù gángan: orí rẹ̀ fẹ̀, ìdí rẹ̀ fẹ̀, àárín rẹ̀ tínrín. Ìdí ni pé irin òkè àti irin ìsàlẹ̀ di orí àti ìdí rẹ̀ mú, wọn kò jẹ́ kó fẹ̀ síta, àárín nìkan ló ráyè. Bí ẹ bá rí i pé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló ya, ẹ̀rọ tàbí ọwọ́ ẹni tó gbé e ló ní àléébù. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

KÍKA ÈSÌ

21. Ẹ ṣe ìṣirò náà fúnra yín. Ojú kúúbù jẹ́ 150 lọ́nà 150, ìyẹn 22,500 mìlímítà níbùú-lóròó. Bí ẹ̀rọ bá ka 562.5 kN, ó di Newton 562,500. Ẹ fi 22,500 pín in, 25 N/mm² ló máa fún yín. Ìwúwo tó tó tọ́ọ̀nù 57 ló jókòó lé kúúbù kékeré yẹn kó tó fọ́.

22. Ẹ má mú èyí tó ga jù nínú mẹ́ta. Ẹ ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, kí ẹ pín in sí mẹ́ta. Bí ọ̀kan bá jìnnà gan-an sí àwọn yòókù, ẹ wádìí rẹ̀, ẹ má kàn fi pamọ́.

23. Ẹ má ka ọjọ́ 7 sí ọjọ́ 28. Lọ́jọ́ keje, kúúbù máa ń ní nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta agbára tó máa ní lọ́jọ́ 28. Bí ẹ bá ń wá 25, tí ọjọ́ keje sì fún yín ní 17, ọkàn yín lè balẹ̀. Bó bá fún yín ní 11, ẹ ti rí ìkìlọ̀ láìtíì pẹ́ jù.

24. Ẹ bèèrè bóyá kúúbù ni wọ́n fọ́ tàbí ọ̀pá róbótó. Ní Benin àti Togo, gẹ́gẹ́ bí ìlànà Faransé, ọ̀pá kọnkéré róbótó tó ga ní ìlọ́po méjì ìbú rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Amẹ́ríkà. Nítorí pé àárín ọ̀pá jìnnà sí irin ẹ̀rọ, ó ń tètè fọ́, nọ́ńbà rẹ̀ sì ń jẹ́ nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ti kúúbù. Kọnkéré kan náà ni, nọ́ńbà méjì. Ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ ní Porto-Novo tó wá ń ṣiṣẹ́ ní Kumasi gbọ́dọ̀ fi èyí sọ́kàn.

25. Ẹ má rò pé fífọ́ nìkan ni ìtẹ̀ lè fi hàn. Kí kọnkéré tó fọ́, ó ń kúrú. Ẹ̀rọ tó ń wọn kíkúrú yìí ń sọ bó ṣe le tó. Òpó tó ga ní mítà mẹ́ta, tí ẹrù 10 N/mm² wà lórí rẹ̀, á kúrú ní nǹkan bíi mìlímítà kan. Ojú ò rí i, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ́ ilé gíga gbọ́dọ̀ ṣírò rẹ̀.

26. Ẹ má fi ìrírí ẹnikẹ́ni rọ́pò èsì. Bíríkìlà tó ti lo ọgbọ̀n ọdún lẹ́nu iṣẹ́ yẹ lẹ́ni àpọ́nlé, àmọ́ ojú rẹ̀ ò lè ka N/mm². Ní Southwark, ní London, nítòsí ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé lónìí, David Kirkaldy ṣí ilé àyẹ̀wò ohun èlò rẹ̀ ní 1874. Ohun tó kọ sókè ilẹ̀kùn ni “Òótọ́, kì í ṣe èrò.” Nígbà tí afárá Tay já ní Scotland ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá 1879, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n kó díẹ̀ lára irin afárá náà lọ fún àyẹ̀wò.

TÍ KÌ Í BÁ ṢE KỌNKÉRÉ

27. Búlọ́ọ̀kù: Ẹ mú un láti oríṣiríṣi ibi nínú òkìtì, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹni tó ń tà á ṣà á fún yín. Ẹ fi sìmẹ́ńtì àti yanrìn tẹ́ òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó tó wọ ẹ̀rọ, torí ojú búlọ́ọ̀kù rí págunpàgun.

28. Búlọ́ọ̀kù ilẹ̀ pupa: Kumasi ní ìtàn nínú èyí. Ní yunifásítì ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe Tek-Block, ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ tó ń tẹ ilẹ̀ pupa àti sìmẹ́ńtì díẹ̀ di búlọ́ọ̀kù. Ẹ fọ́ díẹ̀ ní gbígbẹ, kí ẹ sì fọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tó ti mumi yó. Ẹ má gba ti gbígbẹ nìkan gbọ́, torí omi ni ọ̀tá ilẹ̀ pupa, àkókò òjò méjì ni Kumasi sì ń ní lọ́dún.

29. Igi: Ẹ mọ ibi tí okùn ara igi kọjú sí. Ìrókò, tí wọ́n ń pè ní odum ní Kumasi, lè ru ẹrù púpọ̀ bí ẹ bá gbé e dúró. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ níbùú, agbára rẹ̀ á wálẹ̀ gan-an.

30. Irin àti bàbà: Ẹ má retí pé gbogbo wọn á fọ́. Bàbà àti alumíníọ̀mù á kàn máa fẹ̀, wọ́n á yọ ikùn, wọn ò ní já. Irin tí wọ́n yọ́ dà ní tirẹ̀ á ya ní ìdagun. Ẹ má gé ohun tí ẹ fẹ́ tẹ̀ gùn ju nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ìbú rẹ̀ lọ, kó má baà ṣẹ́ kọ́ dípò kó fún pọ̀.

BÍ ÈSÌ BÁ KÙNÀ

31. Ẹ dá iṣẹ́ dúró. Ẹ má sọ pé “Ọlọ́run á ṣọ́ ọ.” Ẹ pe ẹnjiníà. Ó lè lo òòlù tó ń ta padà lára kọnkéré láti mọ ibi tó rọ̀, tàbí kó gbẹ́ ọ̀pá kọnkéré jáde lára òpó gan-an, kó sì fọ́ ọ ní láàbù. Lẹ́yìn náà ló máa sọ bóyá wọ́n á ki òpó náà sí i ni, tàbí wọ́n á wó o.

32. Ẹ má bínú sí ẹni tó mú èsì burúkú wá. Bí ẹ bá lé e lọ, ẹni tó kàn á mọ irú nọ́ńbà tí ẹ fẹ́ gbọ́, òun náà á sì kọ ọ́ fún yín.

33. Ẹ má fi owó àyẹ̀wò ṣe ohun tí ẹ máa fi dín owó ilé kù. Ó kéré púpọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó dẹ́kì kan ṣoṣo tí wọ́n bá ní kí ẹ wó.

34. Ẹ so owó mọ́ èsì. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn yín pẹ̀lú kọngílá: kò ní gba owó òpó alájà tó kàn títí ẹ ó fi rí èsì ọjọ́ 7 ti èyí tó ṣáájú, kò sì ní gba ìyókù owó rẹ̀ títí ìwé ọjọ́ 28 á fi dé láti láàbù sọ́wọ́ yín, pẹ̀lú òǹtẹ̀, ọjọ́ àti orúkọ òpó tí wọ́n ti bu kọnkéré náà. Kọngílá tó mọṣẹ́ kò ní janpata. Èyí tó bá kọ̀, ẹ wá ẹlòmíì.